Táyà tí mo fi ń drift l'Abẹ́òkúta: iwájú ni kẹ́ ẹ náwó sí o

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí táyà wo ni mo fi ń drift, ìyẹn kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí mọ́tò máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ń yí kọ́nà, ẹ wá gbọ́, owó mi ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ gan-an. BMW E36 318i ni mọ́tò mi, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí. Kì í ṣe títì la ti ń ṣe é o, n ò fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ilẹ̀ tí wọ́n ti da kọnkéré sí lọ́nà Ọbántokó, ibẹ̀ là ń lọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sáré ra tuntun méjì tó dì mọ́lẹ̀ dáadáa, treadwear 200 (nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe máa pẹ́ kó tó jẹ tán ni, tó bá kéré, rọ́bà ẹ̀ sábà máa ń rọ̀), mo kó o sẹ́yìn, mo ní ṣebí ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́. Ha. Mọ́tò kọ̀, kò yọ̀! Mo tẹná títí, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ìdí mọ́tò ò mì. Horsepower bíi 115 péré, níbo ló ti fẹ́ rí agbára tó máa já irú táyà bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀? Ìgbà tó tún wá yọ̀, táyà iwájú tó ti pá lórí ò gbọ́ ohun tí sìtiárì ń wí, mo kàn ń lọ tààrà sínú koríko ni.

Bàbá fọkanáísà wa l'Áṣerò ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kó yọ̀ ni àbí o ò fẹ́? Kí lo wá kó èyí tó ń di ilẹ̀ mú sẹ́yìn fún?" La bá pààrọ̀: 200 yẹn lọ síwájú, 205/60R15 ni, mo wá ra tòkunbọ̀ 185/65R15 sẹ́yìn, treadwear 440, ó le, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́. Mọ́tò di ẹja àrọ̀! Owó tuntun kan sì ń ra tòkunbọ̀ mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ lẹ́jọ́ nínú. Ẹni tó ta méjì kan fún mi búra pé kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó ti fi nǹkan dúdú pa á, ó ń dán yinrin. Ìyípo kẹta, orí ẹ̀ ṣí, gbà gbà gbà, ó ń na fẹ́ndà bí ẹni ń na olè, ó já wáyà iná ẹ̀yìn. Nígbà tá a tú u, a wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT ẹ̀, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 1309. Ọ̀sẹ̀ 13, ọdún 2009! Etí ẹ̀ ti sán bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó yọ owó o jàre.

Ti afẹ́fẹ́, 32 psi ni mò ń fi síwájú, 40 sẹ́yìn kó lè tètè yọ̀. Tó bá gbóná, géèjì á sún sókè fúnra ẹ̀, mo máa ń tú díẹ̀ dànù ká tó tún bẹ̀rẹ̀. Méjì ẹ̀yìn ń gbé mi Sunday méjì, ti iwájú, láti Iléyá ni mo ti ń lò ó, ojú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.