Dehumidifier (ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́) 22 pint nínú RV wa: oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lò ó rèé

Aṣọ òfì tí màmá mi ní kí wọ́n hun fún mi n'Ísẹ́yìn nígbà ìgbéyàwó mi ni mo kọ́kọ́ rí èbu lára ẹ̀. Mo ti dì í sínú láílọ́ọ̀nù dáadáa, mo kì í sínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí eruku má bàa bà á jẹ́, àfi lọ́jọ́ tí mo fà á jáde nínú oṣù November pé kí n wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Tacoma, òórùn tó gbá mi nímú ti sọ fún mi kí n tó tú u. Ìró ti ní àmì dúdú tótòtó káàkiri, gèlè sì ti hu nǹkan funfun létí bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Nọ́ọ̀sì ni mí, èyí tí wọ́n ń pè ní travel nurse, ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n sábà máa ń gbà wá sí ọsibítù kan, tó bá tán ká tún kọrí síbòmíì, ìdí nìyẹn témi àti ọkọ mi fi ra RV, ìyẹn ọkọ̀ tó ṣeé gbé inú ẹ̀, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28 tá a wá ń gbé inú ẹ̀. Látoṣù October la ti wà lẹ́bàá Olympia ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n sì tún fi ọ̀sẹ̀ 13 míì kún un fún mi. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ á mọ̀ pé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní October, ó dìgbà tí wọ́n bá ń dárúkọ April, May kí oòrùn tó yọjú dáadáa. Kì í ṣe òjò ńlá bíi tilé o, wínníwínní ni, àmọ́ kì í dá.

RV kì í ṣe ilé. Ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́, egungun ògiri tiwa jẹ́ àlúmíníọ̀mù tó ń gbé òtútù ìta wọlé tààrà, fèrèsé ẹ̀ jẹ́ gíláàsì ẹyọ kan. Èèyàn méjì ń mí sínú ẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo omi yẹn ń lọ, tí afẹ́fẹ́ tó gbóná bá wá fara kan ibi tó tutù, omi á jáde síbẹ̀, bí ìgò míńírà ṣe máa ń làágùn tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò nínú fíríìjì. Gáàsì tẹ́ ẹ fi ń dáná gan-an ń bí omi, kílò 1 propane tó bá jó máa ń tú nǹkan bíi kílò 1.6 omi sílẹ̀. Hítà tó bá RV wá ò ní wàhálà yẹn torí ó ní ihò tó ń gbé èéfín ẹ̀ síta, sítóòfù àti hítà gáàsì kékeré tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ láàárín yàrá lẹ máa ṣọ́ra fún, èyí kejì yẹn tiẹ̀ léwu sí èémí èèyàn, ẹ má fi sùn rárá.

Dehumidifier tí mo kọ́kọ́ rà kéré bíi fíláàsì omi gbígbóná, kò ní kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀, Peltier ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó tà á, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ó tó yàrá ńlá. Irọ́ ni. Odidi ọjọ́ kan, omi tó fà ò kún kọ́ọ̀bù tíì, fèrèsé ṣì ń làágùn bó ṣe ń làágùn tẹ́lẹ̀. Inú bí mi gan-an, torí àwọn tí ò lówó tí wọ́n máa fi ra òmíì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra irú ẹ̀.

Ìparí oṣù November yẹn ni mo wá ra èyí tí mò ń sọ yìí, 22 pint, tó ní kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ bíi ti fíríìjì: á fa afẹ́fẹ́ gba ara páìpù tó tutù, omi á kán sínú ike ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á jáde lódìkejì. Pint 22 jẹ́ nǹkan bíi lítà 10 lójúmọ́, àmọ́ ẹ má retí lítà 10 o, ìwọ̀n ooru 65 °F (bíi 18 °C) àti ọ̀rinrin 60% ni wọ́n fi dán an wò kí wọ́n tó kọ iye yẹn sí i. Ọdún 2019 nìjọba Amẹ́ríkà yí òdiwọ̀n yẹn padà, 80 °F (bíi 27 °C) ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ń pè ní 30 pint nígbà yẹn fi di 20 tàbí 22 báyìí, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é. Ní tiwa, omi tá a dà nù lọ́jọ́ kìíní lé ní lítà 3. Ọkọ mi gbé ike yẹn dání, ó ń wò ó, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé inú omi la ti ń sùn látọjọ́ yìí ni?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí bíi lítà kan ààbọ̀.

Ẹ ra hygrometer, ìyẹn ohun tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀, kò wọ́n, láìsí i ẹ kàn ń lù ú nínú òkùnkùn ni. Kí ọ̀rinrin wà láàárín 30 sí 50%, kó má sì kọjá 60, ohun tí EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ nìyẹn. Àmọ́ kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ gbọ́, ẹ dán an wò: ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó rí bíi yẹ̀pẹ̀ tútù, ẹ má jẹ́ kó yọ́ tán, ẹ gbé òun àti hygrometer sínú láílọ́ọ̀nù tó ṣeé tì pa, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. 75 ló yẹ kó wà lójú ẹ̀. Tèmi sọ 71, torí náà mo máa ń fi 4 kún un.

Ọjọ́ tí mo se ẹ̀wà ni mo rí agbára hygrometer yẹn. 46 ló wà nígbà tí mo gbé ìkòkò kaná, ẹ̀wà olóyin, kí ó tó rọ̀ ó ti di 73, gbogbo gíláàsì ti funfun, omi ń ṣàn wá sórí igi fèrèsé. Ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ lójú mi nígbà náà o, kò kàn lè bá ìkòkò ẹ̀wà sáré ni. Ó gbà á ní bíi wákàtí mẹ́rin kó tó padà sí 50. Ìgbà yẹn ni màmá òyìnbó kan tí RV ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa sọ fún mi pé kí n ṣí fáànù orí òrùlé, kí n sì ṣí fèrèsé kan díẹ̀. Mo ní, "Mà, nínú òjò yìí?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ wọn ni: afẹ́fẹ́ tó wà ní 5 °C, kódà tí ọ̀rinrin ẹ̀ bá jẹ́ 90%, tó bá wọlé tó sì móoru dé 20 °C, á di nǹkan bíi 34% péré, torí afẹ́fẹ́ tútù ò lè gbé omi púpọ̀. Mo wá ń dé ìkòkò, mo ń ṣí fáànù, àyípadà dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston lóṣù August, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti gbóná tó sì kún fún omi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, omi lẹ máa pè wọlé.

Ibi tí mo ti bínú sí ẹ̀rọ yìí ni òtútù. Lọ́jọ́ kan a pa hítà nígbà tá a ń lọ síbi iṣẹ́, nígbà tá a dé, páìpù inú ẹ̀ ti di yìnyín, omi inú ike ò tó nǹkan. Bí gbogbo ẹlẹ́kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé ẹ̀ kéré débi pé awò ni mo fi kà á. Tẹ́ ẹ bá máa gbé RV pa mọ́ láìtan hítà, irú tí wọ́n ń pè ní desiccant, tó ń fi èròjà tó ń mu omi ṣiṣẹ́ dípò páìpù tútù, ló yẹ yín. Ó tún máa ń pariwo, ẹni tó bá ń sùn lójú ọ̀sán bíi tèmi lẹ́yìn iṣẹ́ òru á gbọ́ ọ. Iná tó ń jẹ ò pọ̀, àmọ́ iná 30 amp tó wọ RV wa ò ju wáàtì 3,600 lọ, hítà iná 1,500, kẹ́tù 1,500, tí ẹ bá wá fi maikirowéfù kún ẹ̀, bírékà á já.

Ẹ má dúró de ike omi ẹ̀. Tó bá kún á kú fúnra ẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo dé láti iṣẹ́ wákàtí 12, mo bá a ní kíkú, ọ̀rinrin ti di 68. Ẹ gbé e ga ju síǹkì lọ, kí ẹ so páìpù rọ́bà mọ́ ọn kí omi máa ṣàn lọ sínú síǹkì fúnra ẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ mu omi yẹn.

Ohun tí ẹ̀rọ kankan ò lè bá yín ṣe ni abẹ́ fóòmù. Mo gbé tiwa sókè ní January, hygrometer ń sọ 48 nígbà yẹn o, pákó abẹ́ ẹ̀ tutù rin, àwòrán ara wa méjèèjì wà níbẹ̀ ní omi. Ooru ara wa ló ń sọ̀ kalẹ̀ pàdé pákó tútù, afẹ́fẹ́ ò sì dé ibẹ̀. Ọkọ mi to igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, látìgbà yẹn ó ń gbẹ. Bákan náà ni bébà fàdákà tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, ẹ máa ṣí i wò lẹ́yìn, omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Tí òrùlé yín bá sì ń jò, ẹ kọ́kọ́ dí i, ohun tó bá tutù fún wákàtí 24 sí 48 lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu èbu. Ọṣẹ àti omi ni mo fi fọ ògiri tiwa, mo wọ ìbòmú N95, mo sì nù ún gbẹ.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, mo yọ ọ̀kan nítorí ọ̀rọ̀ òtútù tí wọ́n fi pa mọ́ yẹn. Mo máa tún un rà.

Gèlè ti bàjẹ́. Ìró ṣì wà, àwọn tó ń fọ aṣọ ní àwọn ò lè fọwọ́ kan òfì, màmá mi ní kí n má dá a nù, kí n gbé e bọ̀ wálé, pé àwọn mọ ẹni tó máa tún un ṣe n'Ísẹ́yìn. Orí hángà ló wà báyìí níwájú ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ yẹn ń gbà jáde, kò sí láílọ́ọ̀nù lára ẹ̀ mọ́.