Ìsọ̀ ẹlẹ́wà tí mo ń gbé ike lọ ní Bódìjà

Ọ̀rá 23. Iye tí mo kà lórí tábìlì ìdáná wa nìyẹn ní Sátidé kan tí mo ti ọjà dé. Ẹ̀wà wà nínú ọ̀rá funfun, ọ̀rá funfun wà nínú dúdú, irú tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ wà nínú méjì. Mi ò tíì gbé ìkòkò kaná, garawa ìdọ̀tí ti kún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìsọ̀ tí wọn ò ní wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé bí mo bá gbé ike tèmi wá. Mo ti rí ọ̀kan ní ọjà Bódìjà, ní ìlà àwọn ẹlẹ́wà. Mi ò ní dárúkọ ìyá tó ni ín, wọn ò bẹ̀ mí níṣẹ́ ìpolówó. Ẹ̀wà olóyin, gàrí pupa àti ti Ìjẹ̀bú, ìrẹsì Ọ̀fadà àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, gbogbo ẹ̀ wà nínú àpò tí wọ́n ká ẹnu ẹ̀ sílẹ̀, kóńgò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ń rọ epo pupa àti òróró fún ẹni tó bá mú ìgò dání. Iye owó wọn ò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù ní ìlà náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá dì í, ike mi rèé." Kí n tó pa ẹnu dé, ẹ̀wà ti wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti ta á ní kókó. Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi, má bínú, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni." Wọ́n tú u, wọ́n da ẹ̀wà sínú ike mi, wọ́n sì ju ọ̀rá náà sínú gọ́tà. Háà! Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á. Ìyá tó bí mi fojú rí Omíyalé ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé onílé n'Ìbàdàn. Títí dòní, bí wọ́n bá rí ọ̀rá nínú gọ́tà, ojú wọn á yí padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí mo ṣe yọ báyìí, màmá na ọwọ́: "Oníke, gbé e wá." Wọ́n wọn kóńgò 2, ó gòkè téńté, wọ́n tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. "Ènì rẹ nìyẹn. Owó ọ̀rá tí o ò gbà ni."

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ike mi á di ẹlẹ́rìí. Mo ti fi ọ̀dà èékánná fa ìlà sí ibi tí kóńgò 2 màmá yìí dé. Lọ́jọ́ kan tí ìsọ̀ wọn tì, mo ra ẹ̀wà níbòmíràn. Wọ́n wọn kóńgò 2 lójú mi kòrókòró, ẹ̀wà ò dé ìlà, ó fi bí ìbú ìka méjì dín. Mo gbé kóńgò náà yí po: wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Bó bá jẹ́ inú ọ̀rá ni wọ́n dà á sí, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀?

Àléébù wà o. Àrọ kan ṣoṣo ni màmá ń lò fún epo pupa àti òróró. Òróró tí mo kọ́kọ́ rà níbẹ̀, ṣe ló pọ́n. Àrọ tèmi ni mo ń mú dání báyìí. Ẹ̀wà inú àpò ṣíṣí a sì máa ní kòkòrò nígbà mìíràn, ẹ fọwọ́ rò ó dáadáa kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ti ọkọ̀ ńkọ́? Awakọ̀ kórópe kan ní kí n san owó èèyàn méjì nítorí ike tí mo gbé lé itan. Ike òfìfo ni o! Àtìgbà náà ni mo ti ń kó kékeré sínú ńlá, tí mo sì ń ti gbogbo ẹ̀ bọ inú Ghana-must-go.

Tó bá jẹ́ irú, ẹ wá àwọn tó ṣì ń fi ewé dì í, wọn ò pọ̀ mọ́. Ewé eéran tí ẹ máa fi pọ́n mọ́ínmọ́ín wà lọ́jà yìí kan náà. Ìyá ọkọ mi ò tilẹ̀ gbà pé mọ́ínmọ́ín ni èyí tí wọ́n sè nínú ọ̀rá.

Omi ni mi ò tíì rí ṣe. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò omi kan, àpò náà ọ̀rá ni. Àbúrò mi tó ń gbé l'Ékòó ní kí n dúró de òfin, pé ìjọba tiwọn ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun lóṣù kìíní ọdún 2024. Òfin abọ́ ò lè pọn omi sínú àmù mi.

Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún ìsọ̀ náà ní 4. Àrọ yẹn ló gba èyí tó kù. Ẹ lọ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, torí bí èrò bá ti kún, wọn ò ní ráyè ike yín. Ọ̀rá 6 ni mo kà ní Sátidé tó kọjá, yàtọ̀ sí ti omi. Mẹ́rin nínú ẹ̀, ọwọ́ ẹlẹ́ja ló ti wá. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ike mi rùn.