Ọwọ́ wọn dáa, ẹnu wọn ni ẹ má gbà gbọ́: àgbéyẹ̀wò ibi tí mo ti tún Corolla mi ṣe

"Mummy, oòrùn á fà á."

Ohun tí ọmọkùnrin ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tó tún ọkọ̀ mi ṣe sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo fi omi tó wà nínú iná iwájú ọkọ̀ mi hàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò tíì rọ̀ látìgbà tí mo ti gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Omi ti dágún sí ìsàlẹ̀ iná apá ọ̀tún, ojú gíláàsì rẹ̀ ṣú láti inú. Ti apá òsì tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé owó tí wọ́n kọ fún mi, "headlamp original" ló wà níbẹ̀, ₦95,000. Inú bí mi débi pé mi ò lè pariwo. Mo kàn ní kó lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá.

Jíìpù kan ló fa gbogbo ẹ̀. Ó já wọ títì lójijì ní Maryland nílùú Èkó, ó sì fi imú gbá iwájú ọkọ̀ mi. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká, fẹ́ńdà wọlé, bọ́ńpà já, irin tó gbé rédíétọ̀ dúró tẹ̀. Ara ò ta mí, a dúpẹ́. Ìnṣọ́ránsì third party onítọ̀hún tún wá jẹ́ ojúlówó, èyí tó yà mí lẹ́nu ju ìkọlù náà lọ. A yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò lórí NIID, àkójọ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó wà lórí ayélujára, ó jáde. Láti January 2023 tí owó third party ọkọ̀ aládàáni ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ohun ìní ẹni tí wọ́n bà jẹ́. Ẹni tí wọ́n rán wá wo ọkọ̀ ní ọkọ̀ mi ti dàgbà, pé iye tí wọ́n ń ta Taiwan lọ́jà, ìyẹn tuntun tí kì í ṣe Toyota ló ṣe é, lòun máa kọ. Mo bi í pé ṣé Taiwan ni jíìpù wọn gbá ni. Kò dáhùn, ó ń ya fọ́tò lọ. Èmi ni mo fowó ara mi dí ìyókù, nítorí mo fẹ́ original.

Original, Taiwan, Tòkunbọ̀: ẹni tó ń gbé Èkó ò nílò kí n tún ṣàlàyé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń jẹ àwọn tó ń wa Corolla bíi tèmi lówó. Corolla 2009 sí 2013 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù, iwájú wọn ò jọra. Ẹ lè rí iná "Belgium", ìyẹn àlòkù tó ti Yúróòpù wá, tó mọ́ tónítóní ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, kó jẹ́ original pọ́ńbélé, kó má sì wọ ọkọ̀ yín láéláé. Tí wọ́n bá ní àwọn á fi wáyà dè é, ẹ máa lọ sílé.

Ibi tí màá ti yìn wọ́n nìyí, kí ìbínú má jẹ̀ ẹ́ run. Páńẹ́bítà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àlàájì. Nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ló rọ̀ mí pé kí n gba bọ́nẹ́ẹ̀tì Taiwan, ó ní tuntun ni, kò ní pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ kankan lára. Wọ́n ti rà á kí n tó dáhùn. Àlàájì gbé e lé ọkọ̀, ó fi bóòtù mẹ́rin dè é díẹ̀, ó pa á dé. Ó wá ya páálí tíì létí, ó ká a sí méjì, ó ń tì í lọ nínú àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà. Lápá òsì, páálí náà ń lọ geerege. Lápá ọ̀tún, ó dé ìdajì, ó há. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àtàǹpàkò ti ìkọ́ tó máa ń wọ inú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìkọ́ náà mì.

"Màmá, tí eléyìí bá ṣí lójú ọ̀nà Ìbàdàn, gíláàsì iwájú yín ló máa lọ bá. Mi ò ní so ó."

Ọ̀gá jáde sí i, ó ní owó ti jáde. Àlàájì ò bá a jiyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó gbé kẹ́tù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ìgbà tó fi máa kírun Alaasari tán, wọ́n ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn padà fún ẹni tó tà á. Tòkunbọ̀ aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n gbé wá dípò rẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀ létí. Láti inú ni Àlàájì ti fi òòlù nà án jáde, pọ́tì tó lò kò ju èyí tó lè dí ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó fín ọ̀dà náà mọṣẹ́. Tí mi ò bá sọ fún yín, ẹ ò ní mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kọlu nǹkan rí.

Òun náà ló ní bọ́ńpà tó jẹ́ ike lè jẹ́ Taiwan, kò burú, ṣùgbọ́n irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, original ni dandan, torí irin yẹn ló máa gba ìyà tí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀. Mo gbà fún un.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí iná. Ọ̀gá dé, ó ní gbogbo iná ló máa ń mí, pé òtútù ló fà á. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní rìwáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ò sí nílé. Àlàájì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Sienna kan ló dìde wá, ó yọ ọ́ fúnra ẹ̀, ó dà á dojú kọ ilẹ̀. Omi dà sórí sálúbàtà ẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí oòrùn, ó sì fi ìka hàn mí. Ẹnì kan ti fi sáńpépà ha ara ike dúdú yẹn, àmọ́ kò ha á tán. "wan" ṣì wà níbẹ̀ gbàǹgbà.

Ọ̀gá ní, "Ẹ wò ó, ó ní DOT, ó ní SAE lójú, original nìyẹn." Irọ́ ni. Àmì ìlànà Amẹ́ríkà fún iná ọkọ̀ ni méjèèjì, kì í ṣe àmì Toyota. Taiwan tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní in lójú bákan náà. Mi ò bá Taiwan jà o; iná Taiwan tó dáa wà, ẹni tó bá sọ fún mi pé Taiwan ni, tó gba owó Taiwan, a ò níjà. Owó original ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n tún ní kí n máa retí oòrùn.

Àlàájì pe ọmọ tó lọ rajà. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n fún òun ní ìsọ̀ lòun gbà. Àlàájì pòṣé, ó nu ọwọ́, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó wọ ọkọ̀ mi, a jọ forí lé Ládípọ̀ pẹ̀lú iná ẹyọ kan. Ìsọ̀ tó mú mi lọ kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ó ra omi pure water kan, ó fi eyín já a létí, ó ń fún un sí ibi tí gíláàsì àti ike ti pàdé lára iná Tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé fún wa. Ó gbé àkọ́kọ́ jù sílẹ̀. Ìkejì ò jò. Ó bá wọn ná an títí ẹni tó ń tà á fi rẹ́rìn-ín, tó ní kí àwa méjèèjì máa gbé e lọ. Mi ò rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ nítorí oníbàárà báyìí rí, bẹ́ẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

A padà dé, ọ̀gá ní kí n san owó ìsopadà. Mi ò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ọmọbìnrin tó ń gba owó nìkan ló sọ pé, "Ẹ má bínú, ma," òun náà ló rí i pé wọ́n san owó iná àkọ́kọ́ padà sí àkáǹtì mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá ò bẹ̀ mí títí di òní.

Tí ẹ bá máa lọ, ẹ béèrè Àlàájì. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n bá rà wá síwájú yín kí wọ́n tó so ó, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ yín lọ sílé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní mo ti ṣe é jù, pé méjì ni wọ́n tọ́ sí. Kò tíì mọ̀ pé ẹ́síì ọkọ̀ náà kì í tutù nínú gosíló látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà ẹ́síì tó wà níwájú rédíétọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ bá wọn fà á.