Ọrẹ Àánú àti Owó Ìwòran: Èwo Ló Ń Dá Ẹranko Sí?

Ẹranko tó fẹ́ run nílò owó, kíákíá sì ni. Ṣé ká bẹ aráyé fún ọrẹ ni, àbí ká gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹranko náà?

Ọrẹ máa ń yára dé. Ní 2017, Ol Pejeta, ọgbà ìdáàbòbò ẹranko ní Kẹ́ńyà, gbé àwòrán Sudan, akọ ráìnò funfun ti àríwá tó kẹ́yìn láyé, sórí Tinder, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá olólùfẹ́, láti fi wá owó. Ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n Sudan kú ní oṣù Kẹta 2018. Abo méjì péré, Najin àti Fatu, ló kù. Ohun tó ń dùn mí nìyí: àánú sábà máa ń dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Igún tí kò wuni í wò kì í sì í rí irú àánú bẹ́ẹ̀.

Owó ìwòran ní tirẹ̀ máa ń wọlé lọ́dọọdún. Ní Rwanda, àlejò ń san 1,500 dọ́là láti rí ìnàkí orí òkè. Láti 2017, ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé sí àwọn ọgbà ẹranko ìjọba ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí wọn ká, nítorí náà ìnàkí tó wà láàyè ń ṣe wọ́n láǹfààní. Àwọn ìnàkí orí òkè tó wà láyé ti lé ní 1,000 báyìí. Àmọ́ nígbà tí kòrónà ti ẹnubodè pa ní 2020, owó ọ̀hún gbẹ.

Ní tèmi, owó ìwòran ni kó jẹ́ ìpìlẹ̀. Ká fi ọrẹ sílẹ̀ fún igún àti àwọn ẹranko mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní sanwó wò.