Sẹ́ẹ̀tì Mantle 19 ti Topps 1996: kẹ́ ẹ tú páàkì ni, kẹ́ ẹ ra odidi, àbí kẹ́ ẹ ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ?

Oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni Mickey Mantle, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball ará Amẹ́ríkà, kú. Nígbà tó di 1996, Topps, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì àwọn eléré ìdárayá, tún káàdì rẹ̀ ọdọọdún tẹ̀, láti Bowman 1951 (ilé iṣẹ́ káàdì mìíràn ni Bowman nígbà yẹn) títí dé Topps 1969, 19 lápapọ̀, wọ́n sì há wọn sínú páàkì káàdì sérísì kìíní ọdún yẹn. Insert ni wọ́n ń pe irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà kó wọn pé, mo sì ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ní dá yín dúró lórí ẹni tí Mantle jẹ́. Ẹni tó ń wá káàdì rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí páàkì. Nínú páàkì mẹ́sàn-án irú èyí tí wọ́n ń tà nílé ìtajà káàdì, Mantle kan ni wọ́n ní ẹ máa bá. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ máa bá lè jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti ní. Ká tiẹ̀ gbà pé iye kan náà ni wọ́n tẹ gbogbo wọn, tá a bá ṣírò rẹ̀, Mantle bíi 67 ló máa jáde kí 19 tó pé. Páàkì bíi 600 nìyẹn. Ẹni tó ti ní 18, tó ku ẹyọ kan ṣoṣo, á ṣì tú páàkì bíi 170 nítorí ẹyọ yẹn. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kó o jọ tún gbà pé nọ́ńbà 15 sí 19, ìyẹn ti 1965 sí 1969, ò pọ̀ tó àwọn yòókù, nítorí ohun tí wọ́n rí lára pépà ńlá kan tí wọn ò tíì gé sí káàdì.

Òun ló dùn jù ṣá, mi ò lè purọ́. Lọ́jọ́ tí Bowman 1955 bọ́ sí mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ṣe bíi tẹlifíṣọ̀n onígi, mi ò kúrò nídìí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n páàkì tó ti pẹ́ tó báyìí ti jẹ ooru, káàdì dídán inú rẹ̀ á sì ti lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí 1961 tèmi, ojú Mantle bó lọ mọ́ ẹ̀yìn káàdì tó wà lórí rẹ̀.

Ibi tí mo ti sọ owó nù gan-an ni odidi sẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan gbé e síta pé 19 pé pérépéré. Fọ́tò kan ló yà, iwájú nìkan, láti òkèèrè. Nígbà tó dé, mo kà á, ó pé 19, mo tò ó sínú álíbọ́ọ̀mù, ọkàn mi balẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà ní Houston níbí ní kí n bá òun wá 1952 kan fún ọmọ òun. Mo rà á, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Tọmọ náà ní òǹtẹ̀ ìrántí tó ń dán níwájú. Tèmi ò ní nǹkan kan. Mo yí i padà: kò sí 1996 níbì kankan. Àtúntẹ̀ ọdún mìíràn ni, torí àìmọye ìgbà ni Topps ti tún 1952 yẹn tẹ̀. Ọjọ́ tí mo lè dá a padà sì ti kọjá.

Kì í ṣe èèṣì pé 1952 ló pòórá. Ẹyọ kan ojúlówó rẹ̀ ni wọ́n tà ní dọ́là mílíọ̀nù 12.6 lóṣù kẹjọ 2022, nítorí náà àtúntẹ̀ rẹ̀ pàápàá, òun lọ́wọ́ kọ́kọ́ ń nà sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn káàdì náà fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ìrántí Mantle ni, kí ọdún 1996 wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà láàárín 1 sí 19. Tó bá ń kọ mànà bíi díńgí, irú káàdì dídán tí Topps ń pè ní Finest ni, ti sérísì kejì, sẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 21 sí 36, ti 1997 ni. Ẹni tó bá ní òun ò ráyè ya ẹ̀yìn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ríra lẹ́yọ lẹ́yọ yanjú èyí: iwájú àti ẹ̀yìn lẹ ń rí, igun tó bá ti rún, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Owó ìfiránṣẹ́ ni wàhálà ibẹ̀. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo san án. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sí COMC, ọjà káàdì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń bá èèyàn tọ́jú ohun tó bá rà títí á fi ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti àsìkò, odidi yára jù. Ẹyọ-ẹyọ gbà mí lóṣù márùn-ún.

Ní ti káàdì tẹ́ ẹ ti ní tó tún jáde, páàkì nìkan ló ní ìṣòro yẹn, ẹ sì lè bá àwọn ará Trading Card Database, ìkànnì àwọn tó ń kó káàdì jọ, ṣe pàṣípààrọ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ìkan náà ni wọ́n.

Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè ra odidi, kò burú, tó bá ti rí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ẹni tó kàn fẹ́ràn àtitú páàkì, kó tú díẹ̀ fi ṣí ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé tiyín lẹ fẹ́ fi ṣe, tẹ́ ẹ máa máa ṣí i wò, 1952 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, lẹ́yọ, kẹ́ ẹ wá máa wá 1965 sí 1969, kẹ́ ẹ tó kan àwọn yòókù.

Mo padà ra 1952 tèmi. Èyí tí wọ́n fi gbá mi ṣì wà ní ewé kẹta álíbọ́ọ̀mù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1969, nínú àpò tí ìbá ṣófo. Òun ni mo máa ń yọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pé kó yí i padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀.