Georeferencer inú QGIS: irinṣẹ́ tó ń wá títì tó ti pòórá rí

Bó o bá fẹ́ mọ ibi tí títì tí wọ́n ti wó dànù láàárín ìlú wà lábẹ́ àwọn ilé òde òní, Georeferencer ló yẹ kó o kọ́kọ́ mú: irinṣẹ́ kan nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, tó ń gbé àwòrán máàpù àtijọ́ tó wà lórí bébà lé orí máàpù òde òní kí méjèèjì lè bára mu. Ọ̀fẹ́ ni. Google Earth Pro náà kì í gbowó, ó sì rọrùn jù ú lọ, àmọ́ kò lè ṣe ju kó sún máàpù, kó yí i, kó sì nà án. Bí bébà àtijọ́ náà bá ti wọ́, kò ní í bá a mu láéláé.

Fi OpenStreetMap (máàpù òde òní tó jẹ́ ọ̀fẹ́) sísàlẹ̀, kó o ṣí Georeferencer nínú mẹ́nù Layer (abẹ́ Raster ló wà nínú ẹ̀dà àtijọ́). Tẹ ibì kan lórí máàpù àtijọ́, kó o wá tẹ ibẹ̀ gan-an lórí tuntun: àmì kan nìyẹn. Àmì 3 ti tó fún Polynomial 1, 6 fún Polynomial 2 (ọ̀nà ìṣirò tí irinṣẹ́ náà fi ń na máàpù bá àmì mu ni wọ́n), ṣùgbọ́n 12 sí 15 ló ń fini lọ́kàn balẹ̀, kí wọ́n sì dé gbogbo igun.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni àmì tí wọ́n fi sí etí títì tàbí etí odò. Títì ti fẹ̀ sí i, wọ́n sì ti da iyẹ̀pẹ̀ dí etí odò. Igun ilé ìjọsìn tí wọn ò tún kọ́ rí àti ẹsẹ̀ afárá òkúta ló ṣeé fọkàn tán.

Thin Plate Spline, ọ̀nà ìṣirò mìíràn, á ní òdo ni àṣìṣe rẹ. Má gbà á gbọ́! Tipátipá ló fi ń fa máàpù bá àmì kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó o tẹ̀ ṣì. Polynomial 1 ni kó o fi yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú; àmì tí Residual rẹ̀ (bó ṣe jìnnà tó sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí) bá ga ju ti ìyókù lọ, tún un tẹ̀. Fi àwọn àmì náà pamọ́ sínú fáìlì .points kó o tó pa á dé.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì náà nígbà yẹn lò ń wá, máàpù tí wọ́n yà fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ló dára jù. Lórí èyí tí iléeṣẹ́ Sanborn yà ní Amẹ́ríkà, íǹṣì 1 sábà máa ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 50, píǹkì ni ilé bíríkì, yẹ́lò ni ilé pákó. Ìwé àdírẹ́sì ọdún yẹn ni yóò sọ orúkọ ọlọ́jà. Má gbára lé nọ́ńbà ilé nìkan o, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti tún nọ́ńbà tò: láti oríta tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà jù ni kó o ti ka iye ilé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.