Ọ̀nà gígùn kan tàbí yíyípo nítòsí ilé?

Lílúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8, gígun kẹ̀kẹ́ 180, sísáré 42.2, ìyẹn ìwọ̀n ìdíje alápá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Ironman: ẹni tó bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ọ̀nà tó máa gbà. Ọ̀nà gígùn kan ṣoṣo dùn, ìran ibẹ̀ kì í sú ojú. Ṣùgbọ́n bí táyà bá bẹ́ ní kìlómítà 90, ta ni yóò gbé ọ wálé?

Ní ti kẹ̀kẹ́, yíyípo kìlómítà 30 nítòsí ilé lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni èmi fara mọ́. Omi, oúnjẹ àti túùbù kẹ̀kẹ́ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. O ò ní ru ẹrù. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ilé á máa pè ọ́ ní gbogbo ìgbà tó o bá kọjá, pàápàá ní ìyípo karùn-ún.

Ní ti omi, kò sí àríyànjiyàn: má dá lúwẹ̀ẹ́. Kí ẹnì kan máa wò ọ́ láti etí omi.